Òṣùwọ̀n àti Abẹ: Ìtàn Lésà Ojú tí Ìgbì Ìmọ́lẹ̀ ń Tọ́ Sọ́nà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó fún wa ní ojú tí a fi ń ríran. Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, lẹ́yìn tí a kí ìrun Iṣái tán ní Hazel Crest níbí, ọ̀kan nínú àwọn ìyá inú ìjọ wa, nọ́ọ̀sì tí ń ṣiṣẹ́ òru, mú ìwé ilé ìwòsàn kan tọ̀ wá wá. Wọ́n ní kí ó fọwọ́ sí i kí wọ́n tó fi lésà tún ojú rẹ̀ ṣe, kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ awò ojú tí ó ti ń lò láti ìgbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn. Nínú ìwé náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé "wavefront-guided" ni irú iṣẹ́ abẹ tí wọn yóò ṣe. Ìbéèrè méjì ni ó bi wá: ṣé ẹ̀sìn fàyè gbà á, àti pé kí ni ọ̀rọ̀ gígùn yẹn túmọ̀ sí?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò gba àkókò. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi wíwá ìwòsàn lélẹ̀ fún wa, àìríran dáadáa sì jẹ́ àléébù tí a lè wá ìwòsàn sí. Ní ti àlùwàlá ní àwọn ọjọ́ tí dókítà bá ní kí omi má kan ojú, ìrọ̀rùn wà nínú ẹ̀sìn fún un. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn kí ó wá bá wa jókòó. Ìbéèrè kejì ni ó lé wa padà sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni a kọ síhìn-ín, nítorí pé ìtàn náà ní apá kan tí ó kan àwa ọmọ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Káírò ni a óò ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí al-Hakim ti ìdílé Fátímíyà ń jọba. Ọkùnrin méjì gbé ìlú náà lábẹ́ ọba yìí. Èkíní ni Ammar al-Mawsili, oníṣègùn ojú láti Mosul, tí ó kọ ìwé kan lórí ìtọ́jú ojú fún ọba náà, tí ó sì ṣàlàyé nínú rẹ̀ bí òun ṣe ń fi abẹ́rẹ́ oníhò fa ohun funfun tí ó bo ojú, èyí tí a ń pè ní kataráàtì, jáde. Ohun tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn oníṣègùn nígbà náà ni pé kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tì í wọ inú ẹyinjú kí ó lè kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn àgbà tí wọ́n dàgbà nílé yóò rántí àwọn tí ń gbé àpò abẹ́rẹ́ rìn láti ìlú dé ìlú tí wọ́n ń ṣe irú rẹ̀. Wọn kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí jákèjádò Nàìjíríà lórí ojú fífọ́ láàárín ọdún 2005 sí 2007, nínú àwọn ojú tí wọ́n ti tọ́jú nítorí kataráàtì, iye èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tì kò jìnnà sí ìdajì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ríran mọ́.

Ọkùnrin kejì ni Ibn al-Haytham, tí a bí ní Basra ní nǹkan bí ọdún 965, ìyẹn ọdún 354 ti Híjírà. Àwọn òpìtàn sọ pé ọba ránṣẹ́ pè é nítorí omi odò Náílì tí ó fẹ́ kí ó bá òun kápá, pé nígbà tí ó rí i pé iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe, ó díbọ́n bí aṣiwèrè títí ìjọba ọba náà fi dópin ní 1021. Bóyá bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ aṣiwèrè. Nínú ìwé rẹ̀, Kitab al-Manazir, tí ó ní apá méje, ó tako èrò àwọn ará Gíríìkì bíi Euclid àti Ptolemy, tí wọ́n gbà pé láti inú ojú ni ìtànṣán ti ń jáde lọ bá ohun tí à ń wò. Ó ní tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, èé ṣe tí oòrùn fi ń dun ojú ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ ọn? Ohun kan ni ó ń wọlé. Ó lo yàrá òkùnkùn àti ihò kékeré láti fi ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà hàn, ó sì wọn bí ó ṣe ń yà nígbà tí ó bá bọ́ láti inú ohun kan sínú òmíràn. Wọ́n tú ìwé náà sí èdè Látìn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Basel ní 1572.

Ẹ kíyè sí i: ìlú kan ṣoṣo ni ẹni tí ó mọ abẹ lò àti ẹni tí ó mọ ìmọ́lẹ̀ wọ̀n wà. Síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹgbẹ̀rún ọdún kí abẹ àti òṣùwọ̀n yìí tó wọ inú ẹ̀rọ kan náà. Bí wọ́n ṣe pàdé ni ìtàn ọ̀rọ̀ gígùn tí ó wà nínú ìwé nọ́ọ̀sì wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tẹ̀ lé ipasẹ̀ abẹ. Ní iwájú ẹyinjú ni awọ kan wà tí ó mọ́ gaara bí omi inú àwo. Kọ́níà ni àwọn dókítà ń pè é. Ó nípọn tó nǹkan bí ìdajì mílímítà péré, ṣùgbọ́n òun ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yíyà ìmọ́lẹ̀ kí ó lè kó ara jọ sí ẹ̀yìn ojú. Bí ó bá yọ síwájú ju bí ó ti yẹ fún gígùn ojú náà lọ, ẹni náà kò ní rí ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá pẹlẹbẹ jù, ohun tí ó súnmọ́ ni yóò ṣú mọ́ ọn lójú. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń rò ó pé bí a bá yí ìrísí awọ yìí padà, awò ojú di ohun à ń kó sápótí. Ní Japan, Tsutomu Sato bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ la kọ́níà láti inú àti láti òde ní àwọn ọdún 1930 sí 1940. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, kọ́níà púpọ̀ nínú àwọn tí ó tọ́jú wú, ó sì ṣú, nítorí pé wọn kò tíì mọ̀ nígbà náà pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń mú kí ó mọ́, àti pé bí wọ́n bá kú, òmíràn kì í hù dípò wọn. Ní àwọn ọdún 1970, Svyatoslav Fyodorov ní Moscow ń la á láti òde nìkan, bí wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń tàn ká láti àárín. Amẹ́ríkà gba ọgbọ́n náà, àwọn oníwádìí sì tẹ̀ lé àwọn tí wọ́n ṣe é fún ọdún mẹ́wàá gbáko: nínú ojú 100, 43 ni ó ti sún tó díọ́pítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ìhà àìríran nítòsí, díọ́pítà sì ni ìwọ̀n tí a fi ń ka agbára awò. Abẹ irin ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán, ojú náà kò sì dúró síbi tí wọ́n fi í sí.

Ọ̀nà titun là ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá ọdún 1981, ọjọ́ kejì àjọ̀dún Ìdúpẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń jẹ tòlótòló, Rangaswamy Srinivasan, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí IBM ní Yorktown Heights, gbé ìyókù tòlótòló ilé rẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Òun àti James Wynne pẹ̀lú Samuel Blum ní lésà kan tí a ń pè ní excimer, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé fi ojú rí. Wọ́n tàn án sí ara tòlótòló náà. Ó gé e láìjó etí ibi tí ó gé, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ náà ń tú ohun tí ó so èérún ẹran pọ̀ mọ́ra, èérún náà á sì fò lọ kí ooru tó ráyè tàn kálẹ̀. Ní 1983 Stephen Trokel ti Yunifásítì Columbia bá Srinivasan gbìyànjú rẹ̀ lórí ojú màlúù. Ní ọdún 2013, Ààrẹ Barack Obama, ọkùnrin Chicago tiwa, fi àmì ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè yìí dá àwọn mẹ́ta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́lá.

Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí a kò lè fi ẹsẹ̀ gbà kọjá lásán. Ní 1988, ní New Orleans, Dókítà Marguerite McDonald ń wá ojú ènìyàn tí ó ríran tí òun yóò kọ́kọ́ lo lésà náà sí, ta ni yóò sì gbé ojú rẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan sílẹ̀ fún ohun tí a kò tíì dán wò? Obìnrin kan tí àrùn jẹjẹrẹ mú ní ẹ̀bá ojú ni ó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ojú náà ríran, ṣùgbọ́n wọn yóò yọ ọ́ nítorí àrùn náà. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lò ó kí àwọn ẹlòmíràn lè jàǹfààní. Wọ́n ṣe é, ó kẹ́sẹ járí, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi yọ ojú náà. A kì í sábà gbọ́ nípa obìnrin yìí nínú ìpolówó àwọn ilé ìwòsàn lésà.

Láàárín àsìkò náà ni Ioannis Pallikaris ní erékùṣù Crete fi ọgbọ́n kan kún un: wọ́n á ṣí ìpele òkè kọ́níà bí ẹni ṣí ojú ìwé, lésà á ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì dà á padà. Òun ni LASIK tí gbogbo ayé mọ̀. Àjọ FDA, tí ń mójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí lésà excimer fún títún ìríran ṣe ní 1995, ni èrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.

Ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀ lálẹ́. Ẹni tí ó ka gbogbo lẹ́tà orí ògiri dókítà lọ́sàn-án yóò bọ́ sójú ọ̀nà lóru, yóò sì rí òrùka yí iná ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ká, iná yóò sì máa tú ìtànṣán jáde bí ìràwọ̀. Àwọn ará wa tí ń wa táàsì tàbí ọkọ̀ akẹ́rù lọ́nà 294 tí ó gba ẹ̀bá wa kọjá níbí yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun méjì péré ni awò ojú àti lésà ìgbà náà mọ̀ nípa ojú: bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń kó ara jọ síwájú tàbí sẹ́yìn ibi tí ó yẹ, àti bí ojú ṣe ń ya ìmọ́lẹ̀ ní ìhà kan ju ìhà kejì lọ, èyí tí Thomas Young ti rí nínú ojú ara rẹ̀ láti 1801. Ojú sì ní àbùkù wẹ́wẹ́ mìíràn tí kò sí awò kankan ní ṣọ́ọ̀bù tí ó lè tún un ṣe. Ó tún wá ṣẹlẹ̀ pé bí lésà ṣe ń tẹ́ àárín kọ́níà pẹrẹsẹ, ó ń dá kún àbùkù wọ̀nyẹn ní etí rẹ̀, nígbà tí ọmọlójú bá sì fẹ̀ nínú òkùnkùn ni wọ́n ń farahàn.

Ibi tí òṣùwọ̀n ti padà wọlé nìyí, láti ọwọ́ àwọn awòràwọ̀ ni ó sì ti wá. Ẹni tí ó bá ti bá wa dúró ní òpin oṣù Ṣàábánì láti wá ìlétéṣù kò ní jẹ́ kí èyí ya òun lẹ́nu. Ó mọ bí afẹ́fẹ́ àti iná Chicago ṣe lè da ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín rú mọ́ni lójú. Ní 1619, Christoph Scheiner, àlùfáà Àgùdà kan ní ilẹ̀ Jámánì tí ó tún jẹ́ awòràwọ̀, lu ihò méjì sára páálí, ó sì fi hàn pé ojú tí kò bá gún yóò rí ohun kan ṣoṣo ní méjì láti inú ihò náà. Ní 1900, Johannes Hartmann ní Potsdam fẹ́ mọ ibi tí àléébù wà lára dígí ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀. Ó fi pátákó tí ihò pọ̀ lára rẹ̀ dí i níwájú, ó sì ya àwòrán ìmọ́lẹ̀ tí ó gba inú ihò kọ̀ọ̀kan wọlé; ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yà kúrò nípò, ibẹ̀ ni dígí náà kò ti dára. Ní 1971, Roland Shack àti Ben Platt ní Yunifásítì Arizona fi lẹ́ńsì kéékèèké dípò àwọn ihò náà. Iṣẹ́ ológun òfurufú ni: wọ́n fẹ́ láti ilẹ̀ rí sátẹ́láìtì tí ó wà lókè kedere.

Josef Bille ní Heidelberg ni ó ronú yí ohun èlò yìí padà kúrò ní ojú sánmà, tí ó dojú rẹ̀ kọ ojú ènìyàn. Òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Junzhong Liang, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1994. Ẹ jẹ́ kí a fi ìrun ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí a bá tò fún ìrun, èjìká kan èjìká, ìlà wa tọ́. Bí ẹnì kan bá yọ síwájú, tí ẹlòmíràn fà sẹ́yìn, ìlà á wọ́, ẹni tí ó bá sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò lè tọ́ka sí ẹni tí kò sí nípò. Ìmọ́lẹ̀ náà ń rìn ní ìlà. Iwájú ìlà yìí ni wọ́n ń pè ní wavefront. Ẹ̀rọ yóò ran ìmọ́lẹ̀ tí kò lágbára sí ẹ̀yìn ojú, yóò dúró de èyí tí ó ń padà bọ̀ gba inú lẹ́ńsì ojú àti kọ́níà. Bí ojú bá pé, ìlà náà á jáde ní títọ́. Kò sí ojú tí ó pé. Àwọn lẹ́ńsì kéékèèké náà yóò pín in sí ojúàmì wẹ́wẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì ka bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe yà kúrò nípò, títí yóò fi ya àwòrán àbùkù ojú náà, tí kò sí ẹlòmíràn láyé tí ó ní irú rẹ̀ gan-an, kódà ojú òsì ẹni náà pàápàá kò bá ti ọ̀tún mu.

Liang kọjá sí Yunifásítì Rochester ní ìpínlẹ̀ New York. Níbẹ̀, ní 1997, òun àti David Williams àti Donald Miller lo dígí tí ó lè tẹ̀, irú èyí tí àwọn awòràwọ̀ ń lò, láti ṣe àtúnṣe ìlà náà, wọ́n sì rí sẹ́ẹ̀lì aríran ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yìn ojú ènìyàn tí ó wà láàyè. Lẹ́yìn èyí, ohun tí ó kù ni pé kí wọ́n gbé àwòrán náà fún lésà kí ó máa tẹ̀ lé e. Theo Seiler ṣe é ní Dresden ní 1999. FDA fọwọ́ sí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2002.

Kò sọ ojú di aláìlábùkù. Àbùkù alẹ́ wọ̀nyẹn dín kù, kò tán. Nínú ìwádìí kan tí FDA fúnra rẹ̀ ṣe lórí LASIK òde òní, tí wọ́n gbé jáde ní 2017, ó lé ní ẹni 4 nínú 10 àwọn tí kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n sọ ní oṣù kẹta pé àwọn ti ń rí ohun titun: òrùka iná, ìtànṣán, òjìji. Nínú ìwádìí kan náà, ó lé ní 95 nínú 100 tí wọ́n sọ pé ìríran wọn tẹ́ àwọn lọ́rùn. Òtítọ́ ni méjèèjì, ó sì yẹ kí ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé gbọ́ méjèèjì.

Apá tí ó kan àwa gan-an nìyí. Àìsàn kan wà tí ń jẹ́ gílókómà. Olè ni, etí ìríran ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í dunni, ohun tí ó bá sì jí gbé kò sí oògùn tí ó lè gbà á padà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Baltimore, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1991, fi hàn pé irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ìwádìí Nàìjíríà tí a dárúkọ lókè rí i pé ó lé díẹ̀ ní ẹni 5 nínú 100 tí ó ti tó ogójì ọdún tí wọ́n ní in. Ọ̀nà pàtàkì tí dókítà ń gbà ṣọ́ olè yìí ni pé kí ó wọn bí inú ẹyinjú ṣe le tó, kọ́níà ni ó sì ń tẹ̀ láti fi wọ̀n ọ́n, bí ẹni fi àtàǹpàkò tẹ táyà wò. Bí kọ́níà bá fẹ́lẹ́, yóò tètè tẹ̀, iye tí ẹ̀rọ yóò kọ sílẹ̀ yóò sì kéré ju òtítọ́ lọ.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2002, àwọn oníwádìí tí wọ́n tẹ̀ lé àwọn tí inú ẹyinjú wọn le ju bí ó ti yẹ lọ, tí wọ́n lé ní 1,600 ènìyàn tí ìdá mẹ́rin wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, kéde pé ẹni tí kọ́níà rẹ̀ fẹ́lẹ́ ni ó súnmọ́ gílókómà jù. Nínú iṣẹ́ wọn yìí kan náà ni ó ti hàn pé kọ́níà àwọn aláwọ̀ dúdú sábà máa ń fẹ́lẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Oṣù mẹ́rin péré ni ó wà láàárín ìkéde yìí àti ọjọ́ tí FDA fọwọ́ sí lésà tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ń tọ́ sọ́nà. Ohun tí lésà náà sì ń ṣe ni pé ó ń mú kí kọ́níà fẹ́lẹ́ sí i: nǹkan bí ìdá 12 sí 15 nínú ẹgbẹ̀rún ìdá mílímítà kan ni ó ń lọ fún díọ́pítà kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n tí ó tún ìríran ṣe wá di ohun tí ń ba òṣùwọ̀n mìíràn jẹ́. Àwòrán ìgbì náà mọ gbogbo ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ gbà nínú ojú, kò sì mọ nǹkan kan nípa bí inú rẹ̀ ṣe le tó. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá, ẹni náà lè ti kó lọ sí Texas tàbí kí ó ti padà sí Ìbàdàn, dókítà titun tí kò mọ̀ pé lésà ti kan ojú náà rí yóò wọ̀n ọ́n, yóò rí iye tí ó dára, yóò sì ní kí ó máa lọ nílé ní àlàáfíà.

Nítorí náà, a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Ìbẹ̀rù kan pàápàá wà tí a rò pé ó yẹ kí ó kúrò nílẹ̀: ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kìlọ̀ pé kí ẹni tí ara rẹ̀ ń ní kílọ́ìdì bí ó bá fara pa má ṣe lésà ojú, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí rẹ̀ lẹ́yìn náà kò rí i pé kọ́níà irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ń ní àpá burúkú. Ohun tí à ń béèrè ni pé kí a ṣe àyẹ̀wò gílókómà dáadáa ṣáájú, kí a ya àwòrán iṣan tí ó wà ní ẹ̀yìn ojú, kí ẹni náà sì gba ìwé tí wọ́n kọ nínípọn kọ́níà rẹ̀ àti líle inú ẹyinjú rẹ̀ sí kí lésà tó kàn án. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni kí ìwé náà wà, nítorí pé ilé ìwòsàn a máa ti ìlẹ̀kùn, a sì máa yí ọwọ́ padà.

Nígbà tí a ka gbogbo èyí fún nọ́ọ̀sì wa, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún wa pé gílókómà ni ó fọ́ ìyá òun lójú, òun kò sì kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n ní kí òun kọ ọ̀rọ̀ kún, nítorí pé òun rò pé ojú ìyá kọ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ó padà lọ sọ fún dókítà. Wọ́n wọn kọ́níà rẹ̀, ó fẹ́lẹ́. Wọ́n ní kí ó jẹ́ kí àwọn máa ṣọ́ iṣan ẹ̀yìn ojú náà fún ìgbà díẹ̀ ná. Títí di ìgbà tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, awò rẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀. A bá a ṣe ẹ̀dà ìwé òṣùwọ̀n náà ní méjì lórí ẹ̀rọ inú ọ́fíìsì mọ́sálásí, ó sì ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn, pé kí òun náà lọ ṣe tirẹ̀.